Ilé Sinimá Ẹ̀gbẹ́ Ilé Wa

Kí wọ́n tó bí mi ni ilé sinimá náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ọ̀nà Upper Sakponba ní ìlú Benin là ń gbé nígbà náà, nínú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, yàrá méjì sì ni tiwa nínú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín ògiri ilé wa àti ògiri sinimá, ó tóóró débi pé bí ewúrẹ́ bá ń bọ̀ níwájú, ìwọ ni wàá padà sẹ́yìn fún un. Gbogbo ohun tí àwọn òṣèré bá ń sọ nínú fíìmù là ń gbọ́ láti ojú fèrèsé. Títí di òní, bí orin Íńdíà bá ń dún níbì kan, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí, nítorí òun ni mo fi ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ohun tí mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ bíbí Ẹ̀dó tó fi òwò rọ́bà là, ló kọ́ ọ. Ògiri mẹ́rin ló kọ́kọ́ mọ, kò sí òrùlé. Ó fi ẹfun kun ọ̀kan nínú àwọn ògiri náà títí ó fi funfun báláú, ara rẹ̀ ni àwòrán ń hàn sí. Bẹ́ǹṣì gígùn tí wọ́n fi gẹdú kàn ló wà nínú ọgbà náà, ẹni tí kò bá sì rí àyè jókòó á gbé àpótí wá láti ilé rẹ̀. Bí òjò bá dé, àwọn tó wà níwájú á ṣí agbòòrùn, àwọn tó wà lẹ́yìn á ní àwọn kò ríran mọ́, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ nínú òjò, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò lọ sílé. Bàbá tó ni ilé náà fúnra rẹ̀ ni í jókòó sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ funfun ní ìdí rẹ̀, á máa kí olúkúlùkù tó bá wọlé bí ẹni pé àlejò inú ilé rẹ̀ ni wọ́n.

Ìgbà tí kò tíì sí òrùlé yìí ni ìyá mi dé Benin. Ìyàwó tuntun ni. Ọkọ̀ tó ń kó gẹdú ni bàbá mi ń wà, inú igbó ló sì máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, bó bá wálé lónìí, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí a tó tún rí i. Abúlé kan lẹ́bàá Ìbàdàn ni ìyá mi ti wá. Kò gbọ́ Ẹ̀dó, kò gbọ́ Pídgìn, òyìnbó tirẹ̀ kò sì ju “gúdù mọ́nì” lọ. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, n kì í la ẹnu mi sọ̀rọ̀ àfi bí mo bá ń gbàdúrà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Obìnrin kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa nínú ilé náà. Ọmọ Ẹ̀dó ni, ó dàgbà ju ìyá mi lọ díẹ̀. Ẹ̀pà sísun ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà sinimá. Ní ọjọ́ kan tí ìyá mi ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, obìnrin yìí wá dúró tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó fi kan èjìká ìyá mi, ó sì sọ pé, “Ọsẹ mwẹ.”

Lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú ìyá mi, ọsẹ ni wọ́n ń pe ọṣẹ. Ìyá mi rò pé ọṣẹ ni obìnrin náà wá tọrọ. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì gé lára ọṣẹ dúdú tí ìyá tirẹ̀ dì fún un nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ó fi ewé pọ́n ọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún aládùúgbò rẹ̀. Obìnrin náà gbà á, ó tú ewé, ó wo ọṣẹ, ó wo ìyá mi. Kò mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Ó dúpẹ́, ó lọ. Kò pẹ́ ló padà dé pẹ̀lú ẹ̀pà tó kún àwo.

Ó tó oṣù bíi mélòó kan kí ẹnìkan tó gbọ́ èdè méjèèjì ṣàlàyé fún wọn pé “ọsẹ” ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ ní Ẹ̀dó, pé ohun tí obìnrin náà ń sọ lọ́jọ́ yẹn ni pé, “Ọ̀rẹ́ mi.” Ìyá mi ní àwọn rẹ́rìn-ín títí àwọn fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní Ọsẹ, àwọn méjèèjì. Àwa ọmọ ń pè é ní Iye, bí àwọn ọmọ Ẹ̀dó ṣe ń pe ìyá wọn.

Iye ló kọ́kọ́ mú ìyá mi wọ sinimá. Bí ẹ̀pà rẹ̀ bá ti tán, bàbá ẹlẹ́nu ọ̀nà yẹn kì í dá a dúró, á kàn fi ọwọ́ júwe inú fún un. Fíìmù Íńdíà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi hàn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà náà tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èyí gan-an ló mú ara tu ìyá mi. Ó ní ibẹ̀ nìkan ní gbogbo Benin ni òun ti wà bákan náà pẹ̀lú gbogbo èèyàn, nítorí gbogbo wọn ni kò gbọ́ èdè.

Ibẹ̀ sì ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ́ èdè ara wọn. Bí ìyá àgbà kan bá jáde nínú fíìmù tó ń fojú burúkú wo ìyàwó ilé, Iye á sọ nǹkan kan ní Ẹ̀dó, á sì fẹnu tọ́ka sí i. Ìyá mi á ní, “Ìyá ọkọ ni, àbí?” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì yóò ṣe mọ̀ pé ìyá ọkọ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ẹkún, ìgbéyàwó, ọ̀tá, ẹṣin, má lọ, padà wá. Nígbà tí a bí mi, Ẹ̀dó tí ìyá mi ń sọ ti dán mọ́rán, àmọ́ bí òṣèré ló ṣe ń sọ ọ́. Bó bá fẹ́ ra iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, á sọ ọ́ bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń lọ sójú ogun.

Kò pẹ́ tí wọ́n bí mi ni bàbá yẹn fi páànù bo ilé sinimá. Òjò ló mú kó ṣe é, ṣùgbọ́n òrùlé náà mú ohun mìíràn wá. Inú ilé ti wá ṣókùnkùn lọ́sàn-án, wọ́n sì lè fi fíìmù hàn ní ọ̀sán Sátidé. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jáde lálẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn á gbé ọmọ pọ̀n, wọn á gbé ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ ṣà lọ́wọ́, wọn á máa ṣà á nínú òkùnkùn. Ìyá mi ní òkúta pọ̀ nínú ẹ̀wà Sátidé.

Èmi ni àkọ́bí. Ọmọkùnrin kan ló tẹ̀lé mi. Mo ń rántí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: orí rẹ̀ tó rí róbótó, àti bó ṣe máa ń di etí bùbá mi mú bó bá fẹ́ dìde dúró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni ọyẹ́ dé, ibà sì mú un. Ibà náà kò pẹ́ lára rẹ̀ rárá. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìyá mi sì padà dé pẹ̀lú ọ̀já lásán lọ́wọ́. Inú igbó ni bàbá mi wà.

Àwọn èèyàn wa nínú ìjọ wá kí i. Wọ́n ń sọ fún un pé, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé kò gbọdọ̀ sunkún. Wọ́n ní a kì í sunkún ọmọ kékeré, pé bó bá sunkún èyí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní fẹ́ dúró. Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu ni ìyá mi. Kò sunkún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí burú ju ẹkún lọ. Á gbé omi kaná, omi á hó, á hó títí yóò fi gbẹ, òun á sì jókòó tì í láìrí i. Bí mo bá pè é, á dáhùn, ṣùgbọ́n á máa wo ibòmíràn. Bàbá mi dé láti inú igbó, ó gbọ́. Ó jáde lọ síbi tó gbé ọkọ̀ sí, ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Ó ń tú u, ó ń tò ó, títí ó fi di ọjọ́ tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Iye wọ yàrá wa. Kò gbé igbá ẹ̀pà dání. Ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí òde, ó sì dúró síwájú ìyá mi.

“Ọsẹ, dìde,” ó ní.

“N ò fẹ́ lọ síbì kankan.”

“N ò bi ọ́ bóyá o fẹ́. Dìde.”

Ó mú aṣọ fún un, ó so gèlè mọ́ ọn lórí fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń múra fún ọmọ. Ó fà mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fà á lọ́wọ́ òsì, a sì gba ọ̀nà tóóró yẹn kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

N kò mọ ìtàn fíìmù ọjọ́ náà dáadáa. Ohun tí mo rántí ni odò ńlá kan tó kún, obìnrin kan tó dúró ní bèbè rẹ̀, àti ọmọ kékeré kan tí omi ń gbé lọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Obìnrin náà ń kọrin, ó ń na ọwọ́. Gbogbo inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn obìnrin ń fi ìborùn nu ojú, ẹni tó wà níwájú wa ń bá obìnrin inú fíìmù náà wí pé kí ló dé tó fi ọmọ sílẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí n kò gbọ́ rí. Mo yí ojú padà. Ìyá mi ni. Ó ti tẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ń fa nǹkan yọ nínú rẹ̀. Iye ti na apá kọjá ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbá a mú ṣinṣin, òun náà ń sunkún. Kò sí ẹni tó wò wọ́n. Ta ni yóò wò wọ́n? Gbogbo ayé ló ń sunkún.

Fíìmù parí. Wọ́n tan iná, àwọn èèyàn ń dìde, wọ́n ń fọn imú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn pé ojú àwọn ti wú. Àwọn méjèèjì kò dìde. Ilé ṣófo, ó ku àwa mẹ́ta. Bàbá tó ni sinimá wọlé láti wá ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó rí wa, ó dúró. Ó ti darúgbó gan-an nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó wo ìyá mi fún ìgbà díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹnìkan ti sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa, ọ̀nà tóóró yẹn nìkan ló wà láàárín wa, kò sì sí ohun tó ń pamọ́ ní àdúgbò yẹn. Ó yíjú sí òkè níbi tí ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ wà, ó sọ nǹkan ní Ẹ̀dó. Iná tún kú. Fíìmù tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, fún àwa mẹ́ta péré. Bàbá náà jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé, mo sì rí òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn bó ṣe gbé àga tì í, tó jókòó síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé bá wa.

Ìyá mi tún sunkún títí. Nígbà tí a jáde, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ó jẹ ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà, ó sì bi mí bóyá mo ti wẹ̀. Ọdún kejì ló bí àbúrò mi tó wà ní Abẹ́òkúta báyìí, ẹkún tó sun kò lé e padà.

Bàbá tó ni sinimá kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn èèyàn ti ń ra tẹlifíṣọ̀n àti fídíò nígbà náà, wọ́n ń jókòó sí pálọ̀ wọn. Ìjà ni fíìmù tí wọ́n ń fi hàn ní sinimá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin nìkan ló ń lọ, ọ̀sán Sátidé àwọn obìnrin sì dópin. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ bàbá yẹn ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Oníṣòwò kan kó sìmẹ́ńtì sí i fún ọdún bíi mélòó kan, eruku funfun sì bo ewé igi mángòrò tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí oníṣòwò náà kó lọ, ìjọ kan gbà á, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n gbé pẹpẹ síbi tí ògiri funfun wà.

Àwa náà ti kó kúrò. Bàbá mi kọ́ ilé sí Ogida, ní apá ibòmíràn nínú Benin, kó tó di olóògbé, ibẹ̀ ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyá mi àti àwọn ọmọ mi, mo sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọbìnrin Iye tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà Uselu mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ń lọ kí ara wọn. Nígbà tó yá, orúnkún kò gbà mọ́, wọ́n wá ń pe ara wọn lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà Iye kò lọ mọ́. Bí a bá pè é, ohùn obìnrin kan á ní nọ́ńbà náà kò sí. Ìyá mi á gbé fóònù sílẹ̀, á ní, “Ara rẹ̀ á yá,” bí ẹni pé fóònù ló ń ṣàìsàn. Ọdún ń gorí ọdún.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó bímọ ní Upper Sakponba. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí àwọn ọkùnrin lórí ilé sinimá, wọ́n ń ká páànù. Wọ́n ní ìjọ yẹn ti kọ́ ilé tiwọn, pé àwọn ọmọ olóògbé ti ta ilẹ̀ náà, pé wọ́n fẹ́ wó o. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi nígbà tí mo ń bá a gé èékánná.

“Wọ́n ti ká òrùlé rẹ̀?” ó bi mí.

“Wọ́n ti ká apá kan, Màmá.”

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ọmọ mi obìnrin wá kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò kàn ń fi í dáhùn ni. “Mummy, Grandma don dress finish,” ó ní. “She say make you carry am go Uselu.”

Mo jáde. Ìyá mi ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

“Sinimá lẹ fẹ́ lọ wò, àbí Uselu?” mo bi í.

“Báwo ni mo ṣe máa lọ síbẹ̀ láìpe ẹni tí a jọ ń lọ?”

A dé ọjà Uselu, a ń béèrè obìnrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnìkan júwe ilé kan fún wa lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ni Iye jókòó sí, ó ti rù, ó gbé ojú sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìró ohun tó jìnnà. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ojú rẹ̀ ti fọ́, pé ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ní fóònù ìyá òun sọnù lọ́jà, nọ́ńbà gbogbo sì bá a lọ.

Ìyá mi kò dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti lọ jókòó ti Iye, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀. Iye fi ọwọ́ kejì wá ọwọ́ náà, ó ń fi ìka kà á láti ọrùn ọwọ́ dé èékánná.

“Ọwọ́ ta nìyí?” ó béèrè ní Ẹ̀dó.

“Ọsẹ,” ìyá mi dá a lóhùn.

Iye fi Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu ìyá mi sọ pé, “O pẹ́ kí o tó dé.”

“Mo pẹ́. Má bínú.”

“N ò bínú. Mo kàn ní o pẹ́ ni.”

Mo gbé àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀ mi lọ sí Upper Sakponba. Ọ̀gá àwọn tó ń wó ilé náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà wá láyè. Nígbà tó rí i pé ìyá mi ti di ilẹ̀kùn mú, ó ní kí a dúró ní apá tí wọ́n ti ká tán, níbi tí kò ti sí ohun tó lè já lù wá. Ó gbé bẹ́ǹṣì kan wá fún wọn. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ jẹun.

Ìyá mi wo inú ilé náà yíká. Kò sí òrùlé mọ́, kò sí fèrèsé, igi àti páànù wà nílẹ̀ káàkiri, ẹ̀yìn pẹpẹ sì ti ya. Ó fà sún mọ́ Iye, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe fún un, Ẹ̀dó díẹ̀, Yorùbá díẹ̀.

“Kò sí ohun tó ṣe é,” ó ní. “Bí a ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà. Àwọn bẹ́ǹṣì tò lọ títí. Ògiri yẹn ṣì funfun. Wọ́n tiẹ̀ tún òrùlé ṣe.”

Iye ń gbọ́, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ọsẹ.”

“Mo ń gbọ́.”

“Oòrùn wà lójú mi.”

Ni Iye bá bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. “Irọ́ lo ti ń pa fún mi láti ìgbà ọṣẹ dúdú,” Iye ní, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran.

Mo dúró lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Iye ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“O rántí ọjọ́ tí bàbá yẹn tún fi fíìmù hàn fún wa?”

“Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé?”

“Ìwọ rò pé torí tìrẹ nìkan ni mo ṣe mú ọ wá.”

Ìyá mi yíjú sí i.

“Kí o tó kó dé ilé yẹn,” Iye ní, “mo bí obìnrin kan. Ó ti ń pè mí kó tó lọ. Ìyá ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ sunkún. Ọjọ́ kejì, mo gbé igbá ẹ̀pà, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wọ ibí yìí, ẹkún náà máa ń dé ọ̀fun mi, mo máa ń gbé e mì. Nígbà tí tìẹ ṣẹlẹ̀, mo rí ojú rẹ, mo mọ ojú náà. Mo ní bí mo bá mú ẹni yìí lọ, bóyá èmi náà á lè sun tèmi.”

“O ò sọ fún mi rí.”

“Èdè wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ nígbà yẹn? Nígbà tí èdè sì ti wá pọ̀ lẹ́nu wa, ó ti pẹ́.”

Ìyá mi gbé ọwọ́ Iye lé itan ara rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára lọ pa á lára bọ̀. Ó bi í pé, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Iye tẹ̀ sí i, ó sọ ọ́ sí i létí. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Ìyá mi tún orúkọ náà pè. Lẹ́yìn náà, ó pe orúkọ àbúrò mi tí ibà pa, orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Iye náà tún un pè lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Ẹ̀dó. Wọ́n jókòó níbẹ̀ títí ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ fi padà dé, tó wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà láti jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti dé.

Wọ́n ti wó ilé náà tán báyìí. Wọ́n fi páànù ṣe ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, àwọn kan ní ilé ìtajà ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, àwọn kan ní ilé epo ni. Ìyá mi kò béèrè nípa rẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, èmi tàbí ọmọ mi á gbé e lọ sí Uselu, a ó sì padà lọ mú un nírọ̀lẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, a bá wọn lórí àríyànjiyàn. Fíìmù kan tí wọ́n jọ wò láyé ìgbà tí kò tíì sí òrùlé ni wọ́n ń jà lé lórí. Ìyá mi ní ọkùnrin tó gun ẹṣin ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ó wá mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Iye ní ẹ̀gbọ́n kọ́, ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ ni. Láti ìgbà èwe wọn, olúkúlùkù ti ń gbé ìtàn tirẹ̀ kiri, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé ti ẹnìkejì yàtọ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n sọ bí fíìmù náà ṣe lọ, òun á wá a rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun á sì sọ ẹni tó jàre.

Àwọn méjèèjì jọ sọ pé rárá, lẹ́ẹ̀kan náà. Iye ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́. Ìyá mi ní kó jókòó, kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, Iye sì ń bá a jiyàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mi jókòó. Mo bọ́ bàtà mi, mo bá wọn jókòó.